Ìtẹ́nú bàtà fún gìgísẹ̀ àti orúnkún tó ń dunni: yíyàn rẹ̀, gígé rẹ̀, àti bí yóò ṣe mọ́ ẹsẹ̀ lára

Ìtẹ́nú bàtà ni pẹlẹbẹ tí à ń tẹ́ sínú bàtà kí ẹsẹ̀ tó gorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàtà ló ti ní tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tó ń dunni: ó lè wú sókè lábẹ́ kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè ní ihò jíjìn tí gìgísẹ̀ ń jókòó sí, ó sì lè ní ìrọ̀rí kékeré kan níwájú. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń gbé ẹrù ara kúrò níbi tó ti ń dùn, wọ́n ń pín in fún ibi tó lè gbà á. Wọn kì í tún egungun tò, wọn kì í sọ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ di oníkòtò, wọn kì í sì í wo làkúrègbé. Ìdí nìyí tí mílímítà mélòó kan tí ẹ fi sún un síwájú tàbí sẹ́yìn fi ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ.

Èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ yín wọ̀n ṣe kò fi dandan dára ju ti ọjà lọ. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ènìyàn 135 tí abẹ́ gìgísẹ̀ ń dùn. Apá kan lo ìtẹ́nú tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tiwọn nìkan, apá kan lo ti ọjà tó le dáadáa, apá kẹta lo fóòmù rírọ̀ lásán. Ní oṣù mẹ́ta, apá méjì àkọ́kọ́ fi díẹ̀ ṣáájú, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọdún kan pé, gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ náwó, kí ó kọ́kọ́ ra ti ọjà ná.

Ẹ fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dùn

Ìka kan ṣoṣo, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ẹsẹ̀. Ibi tí ìka náà bá dúró sí ni yóò sọ irú èyí tí ẹ máa rà.

Bó bá jẹ́ abẹ́ gìgísẹ̀, lápá tí àtàńpàkò wà, níwájú díẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló ń dùn jù, tó ń rọlẹ̀ bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, tó tún ń padà wá bí ẹ bá jókòó pẹ́ tí ẹ dìde, iṣan fífẹ̀ tó nà láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ni. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní plantar fasciitis, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tajà lórí ìdúró àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fún eré ìdárayá. Bó bá jẹ́ àárín gìgísẹ̀ gan-an, tó ń burú sí i bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ lórí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì, ọ̀rá tó wà lábẹ́ egungun níbẹ̀ ló ti fẹ́lẹ́. Oògùn àwọn méjèèjì kò pa pọ̀: ti àkọ́kọ́ fẹ́ ohun tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ró, ti èkejì fẹ́ ihò gìgísẹ̀ tó jìn tó sì rọ̀, tí yóò gbá ọ̀rá tó kù jọ sábẹ́ egungun kó má bàa tú ká sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, ní ìdí ọmọ ìka kejì sí ìkẹrin, tó dà bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú bàtà: ìrọ̀rí iwájú lẹ ń wá. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀, lórí iṣan tó nípọn: ìgbégìgísẹ̀ ni, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tó ń gbé gìgísẹ̀ sókè nínú bàtà. Iwájú orúnkún, yípo egungun tó bò ó lójú, tó ń dùn bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bí ẹ bá lóṣòó, tàbí bí ẹ bá ká ẹsẹ̀ pẹ́ nínú dánfó: ìtẹ́nú lè ràn yín lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Apá inú orúnkún, èyí tó kọjú sí orúnkún kejì, lára ẹni tó ti lé ní ọdún 50, tí orúnkún ń gan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀: ẹ ka abala tirẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Ibì kan wà tí a kì í fi ti ọjà dán wò: ẹ̀yìn kókósẹ̀ lápá inú. Ẹ di ògiri mú, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn nìkan, kí ẹ gbìyànjú láti gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, tí ẹsẹ̀ náà sì ń tẹ́ pẹlẹbẹ sí i láti bí oṣù mélòó kan, iṣan tó gbé e ró ló ń bàjẹ́ lọ. Dókítà egungun ni kí ẹ bá, láìfi falẹ̀.

Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tí kò dunni kò nílò nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń tẹ́, tí kòtò rẹ̀ á sì yọ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́wàá. Bí ọmọ bá dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kòtò náà yọ, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa sáré kiri.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ lè fi gbogbo ọjọ́ tẹ etí ìtẹ́nú líle títí yóò fi di egbò, olúwa rẹ̀ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀. Ẹ lè yẹ ìmọ̀lára wò nílé. Kí ẹni náà di ojú. Ẹ fi orí ìka ọwọ́ kan orí àtàńpàkò ẹsẹ̀, ti ọmọ ìka àárín àti ti èyí tó kéré jù, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá mọ̀ pé ẹ kàn án ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ilé ìwòsàn ni ìtẹ́nú tirẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá.

Èyí kan àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó lóru tàbí tó ń kú, tí wọn kò tíì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò rí. Nílẹ̀ wa, wọ́n á ní olúwa rẹ̀ ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà náà wò kí ẹ tó na owó kan sórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Ẹ tún lọ rí dókítà bí oríkèé bá wú, tó pupa tó sì gbóná, bí ìrora bá ń jí yín lójú oorun, bí orúnkún bá ń há tí kò ṣeé nà, bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tàbí bí ẹ kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Ọmọdé tí orúnkún ń dùn láìsí ìdí, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, kí wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò pẹ̀lú: àìsàn oríkèé ìbàdí máa ń gbé ìrora rẹ̀ wá sí orúnkún, egungun ìbàdí sì wà lára ohun tí SS máa ń bà jẹ́.

Bàtà ló ṣáájú

Ìtẹ́nú tó dára nínú bàtà tó ti rọ, owó tó wọ gbó ni. Ẹ fi àtàńpàkò ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn bàtà níbi tí gìgísẹ̀ ń wọ̀ sí. Bó bá wó lulẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ká a: ibi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́ ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe àárín. Ó gbọ́dọ̀ ní okùn tàbí ìdè, kí ìtẹ́nú tirẹ̀ sì ṣeé yọ, torí bí ẹ bá gbé tuntun lé ti àtijọ́, gìgísẹ̀ yóò ga jù, yóò sì máa yọ kúrò nínú bàtà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, lórí ìdúró, pẹ̀lú ìtẹ́nú nínú rẹ̀. Kí àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Kánfáàsì òkírikà lè dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò. Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì, kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá dà sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣáájú ti tẹ ìrìn tirẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì sí ìtẹ́nú tó lè tún un ṣe.

Ẹ fi pílásítà dán an wò kí ẹ tó rà

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun ló sì lè gba owó yín là. Bí gbígbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ró pẹ̀lú pílásítà bá dín ìrora kù láàárín ọjọ́ méjì, ìtẹ́nú tó gbé e ró yóò ṣeé ṣe kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì mú ìyàtọ̀ kankan wá, ẹ tún ibi tó ń dùn wò dáadáa. Pílásítà funfun tí kì í fà, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ kẹ́míìsì. Ẹ má ṣe é fún ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, tàbí lórí awọ tó bó.

1. Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má fi ìpara kankan sí i. Ẹ jókòó, kí ẹnì kejì bá yín ṣe é.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìdí ọmọ ìka tó kéré jù. Ẹ fà á gba ẹ̀gbẹ́ náà, yí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ po, wá sí ẹ̀gbẹ́ inú, kó parí lẹ́yìn ìdí àtàńpàkò. Bó ṣe ń dé ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ ìdí àtàńpàkò sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi òmíràn lé e.
3. Ẹ wá mú pílásítà kéékèèké, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ lẹ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òde, ẹ fà á gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, kí ẹ gbé kòtò náà sókè bí ẹ ṣe ń fà á. Ìkan gun ìdajì ìkejì, láti iwájú gìgísẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìdí ọmọ ìka. Bí ẹ bá fà á láti inú sí òde, iṣẹ́ náà yí padà nìyẹn, ẹsẹ̀ á túbọ̀ tẹ́.
4. Ẹ tún ti ìgbésẹ̀ kejì ṣe lẹ́ẹ̀kan, kó di gbogbo rẹ̀ pa.
5. Ẹ dìde, ẹ rìn. Kò gbọdọ̀ há. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, tàbí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ara bá ń yún yín.

Pílásítà yìí náà ni ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ìsìn gígùn lórí sìmẹ́ńtì láìsí bàtà le fún gìgísẹ̀ tó ń dùn, ẹ kò sì lè gbé ìtẹ́nú lọ síbẹ̀.

Yíyàn rẹ̀

Jẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ dára fún ọ̀rá gìgísẹ̀ tó fẹ́lẹ́. Kò lè gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ró, nítorí ó ń tẹ́ lábẹ́ ẹrù. Fún kòtò náà, ẹ wá EVA líle (irú fóòmù kan tí wọ́n fi ń ṣe bàtà), kọ́ọ̀kì, tàbí èyí tí ó ní ike lábẹ́ láti gìgísẹ̀ dé àárín. Ẹ fi àtàńpàkò ọwọ́ tẹ ibi tó wú náà pẹ̀lú agbára. Bó bá tẹ́ pátápátá, ẹ dá a padà: ara yín wúwo ju ìka yín lọ.

Ẹ wá gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ wọ inú ihò rẹ̀ dáadáa. Ibi tó ga jù gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ kòtò àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá ń gún yín níwájú gìgísẹ̀ tàbí lẹ́yìn ìdí àtàńpàkò, nọ́ńbà rẹ̀ ni kò bá yín mu, bó ti wù kí páálí rẹ̀ sọ. Ike abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí bíi sẹ̀ǹtímítà kan kó tó dé ibi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́. Bó bá kọjá ibẹ̀, àtàńpàkò kò ní lè ká, ìrora tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bí kò bá sí èyí tó bá yín mu, ṣúmékà tó mọ iṣẹ́ lè ṣe é. Ní Mushin, l'Ékòó, níbi tí àwọn ṣúmékà ti ń ra awọ àti fóòmù, EVA oríṣiríṣi líle wà. Ẹ ní kó lo EVA líle tó nípọn tó mílímítà mẹ́ta fún ìsàlẹ̀, kó fi EVA kan náà mọ òkè kékeré fún kòtò, kó fi sáńpépà yọ etí rẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́, kó wá fi awọ bò ó. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni etí: òkè tó dúró gbọnyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gé awọ ẹsẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé.

Gígé àti títẹ́ ẹ

1. Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò nínú bàtà. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ fa á láti gìgísẹ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù, òun ni ẹ fẹ́ fi wọ̀n.
2. Ẹ gbé e lé tuntun, kí gìgísẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe déédéé. Ẹ fi báírò fa ìlà yí iwájú po.
3. Ẹ gé e ní mílímítà méjì sí òde ìlà náà. Iwájú nìkan ni à ń gé. Ẹ kò gbọdọ̀ kan gìgísẹ̀, torí bí ihò rẹ̀ bá sún, gbogbo rẹ̀ ti sún nìyẹn.
4. Ẹ tẹ́ ẹ sínú bàtà. Bí iwájú bá ká, ẹ tún gé mílímítà kan tàbí méjì. Bó bá ń yọ̀ síwájú, ó ti kéré jù. Pílásítà olójú méjì lábẹ́ gìgísẹ̀ lè dì í mú.
5. Ẹ ṣe ti ẹsẹ̀ kejì bákan náà, kódà bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ń dùn. Bí ẹ bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, ìbàdí àti ẹ̀yìn lè bá a jẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wákàtí kan. Lójoojúmọ́, ẹ fi wákàtí kan kún un. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ó lè wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ má sáré nínú rẹ̀ kó tó di pé ẹ lè fi rìn ní gbogbo ọjọ́. Ó lè máa ro yín díẹ̀ ní kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lẹ́yìn ẹsẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò burú. Ní gbogbo alẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ lábẹ́ iná. Ibi tí titẹ̀ rẹ̀ kò bá parẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ibẹ̀ ga jù lára ìtẹ́nú náà; ẹ fi sáńpépà yọ ọ́ díẹ̀.

Abẹ́ gìgísẹ̀: ìtẹ́nú nìkan kò tó

Iṣan tó nà lábẹ́ ẹsẹ̀ ti rẹ̀. Ìtẹ́nú ń fún un ní ìsinmi, ìdárayá ló ń sọ ọ́ di alágbára. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé itan kejì, ẹ fi ọwọ́ fa gbogbo ọmọ ìka rẹ̀ sẹ́yìn sápá ojúgun títí abẹ́ ẹsẹ̀ yóò fi le. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, nígbà mẹ́wàá. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù ní oṣù mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Denmark ní ọdún 2014 ṣe fi hàn. Ẹ ká aṣọ ìnura, ẹ fi sábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó gbé wọn sókè. Ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ di nǹkan mú, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ka ẹẹ́ta bí ẹ bá ń gòkè, ẹẹ́jì lókè, ẹẹ́ta bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà 12, ìpele mẹ́ta, ọjọ́ kan gbà, ọjọ́ kan fò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé ìwé sínú báàgì ẹ̀yìn kó lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi ní lè kọjá ìgbà 10, kí ìpele di mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún fi ìwé kún un: ìgbà 8, ìpele márùn-ún. Bí ẹ bá ń ṣe é tí kò nira, ẹ kò tíì ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, ilé ni wàhálà wà. Ènìyàn á wọ ìtẹ́nú fún wákàtí mẹ́jọ ní ibi iṣẹ́, á dé ilé, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìlì títí di ọ̀la. Ẹ ní sálúbàtà kan fún inú ilé nìkan, tó ní ìdè lẹ́yìn, tí àárín rẹ̀ wú; kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Sílípáàsì rọ́bà pẹlẹbẹ kò ràn yín lọ́wọ́: ọmọ ìka ní láti há a mú kó má bàa bọ́, iṣan kan náà ló sì ń fi wàhálà yẹn ṣiṣẹ́.

Bí X-ray bá fi egungun ṣóńṣó hàn lábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí gìgísẹ̀ wọn kò dùn rí ló ní in.

Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀: ẹ̀yìn ibi tó ń dùn ni ìrọ̀rí ń gbé

Gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ibi tó ń dùn gan-an. Ó máa ń burú sí i, torí ẹ túbọ̀ ti egungun náà sókè ni. Ìrọ̀rí ní láti wà lẹ́yìn rẹ̀, kó gbé ọ̀pá egungun sókè, kí orí rẹ̀ lè fò díẹ̀.

Ẹ fi lipstick kun ibi tó ń dùn jù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ìtẹ́nú wà nínú rẹ̀, ẹ dìde, ẹ gbé ìṣísẹ̀ mélòó kan, ẹ bọ́ ọ. Àmì pupa ti wà lórí ìtẹ́nú. Ẹ mú fóòmù líle tàbí EVA tó nípọn tó mílímítà márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ gé e ní ìrísí omijé, kí ibi tó fẹ̀ kọjú síwájú, kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ yíká. Etí iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní mílímítà márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn àmì pupa náà. Pílásítà olójú méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lẹ̀ ẹ́, ẹ rìn ín wò fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sún un ní mílímítà méjì-méjì. Ìgbà tó bá tó bó ṣe yẹ nìkan ni kí ṣúmékà fi gọ́ọ̀mù dè é pa. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tàbí onígìgísẹ̀ gíga yóò da gbogbo èyí nù.

Iwájú orúnkún

Àyẹ̀wò kan wà tó ń sọ fún wa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún bóyá ìtẹ́nú yóò wúlò. Láìsí ìtẹ́nú nínú bàtà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan, ẹ kà iye ìgbà tí ẹ ṣe é kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sinmi. Ẹ fi ìtẹ́nú sí i, ẹ tún un ṣe. Bí ìgbà márùn-ún bá di mẹ́wàá, ẹ máa lò ó. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ yá a fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2008, ìwádìí kan ní Ọsirélíà lórí ènìyàn 179 fi hàn pé ìtẹ́nú ọjà ṣiṣẹ́ ju pẹlẹbẹ lásán lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan fi máa pé, ìyàtọ̀ náà ti lọ. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni kí ẹ fi kọ́ itan àti ìbàdí níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ òkè ga kó nà gbọnrangandan, ìgbà 10, ìpele mẹ́ta, ẹ dìde lórí àga láì fi ọwọ́ ti nǹkan kan, iye kan náà, ẹ gun àtẹ̀gùn kúkúrú kan sókè-sódò, iye kan náà.

Aromọléegun inú orúnkún

Wọ́n á ta ìtẹ́nú onígẹ̀ẹ́rẹ́ fún yín, èyí tí ẹ̀gbẹ́ òde rẹ̀ fi bí ìwọ̀n dígíríì márùn-ún ga ju inú lọ. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára: kó ti ẹrù kúrò ní apá inú orúnkún. Nígbà tí wọ́n fi wé ìtẹ́nú pẹlẹbẹ lásán nínú ìwádìí, ìrora kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìtẹ́nú tó ga lábẹ́ kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù, torí ó lè fi kún ẹrù apá inú náà. Bàtà tó dúró gbọnyin, ìdárayá itan, àti dídín ìwọ̀n ara kù ló lérè: kílò kan tí ara bá fi fúyẹ́, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn gìgísẹ̀

Ìgbégìgísẹ̀ tó ga ní mílímítà 12, nínú bàtà méjèèjì, ni àwọn olùwádìí lò pẹ̀lú àṣeyọrí ní ọdún 2021. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀yìn bàtà ga tó láti gba gìgísẹ̀ tó ti gòkè náà.

Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́

Bí awọ bá lé ròrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ìtẹ́nú náà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ tàbí bàtà há. Bó bá ń dún bí ẹ bá ń rìn, ẹ bu páúdà díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí orúnkún tàbí ẹ̀yìn tí kò dùn tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ìyàtọ̀ kankan, nínú bàtà tó dára, pẹ̀lú ìdárayá, ti tó láti gbà pé kì í ṣe òun.

EVA máa ń tẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan; bí ẹ bá tẹ ibi tó wú tí kò sì padà sókè, ó ti parí. Ti ike máa ń lò tó ọdún mélòó kan, awọ orí rẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Oòrùn tàbí inú ọkọ̀ tó gbóná yóò ká a, yóò sì tú gọ́ọ̀mù rẹ̀.

Bó bá di ti ilé ìwòsàn, onímọ̀ fisiotẹrápì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún. Ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì l'Ékòó sì ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìtẹ́nú àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹ mú ìtẹ́nú tí ẹ ti lò dání, pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ jù lọ. Ẹ má fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ tuntun kí ẹ tó lọ: ibi tó ti jẹ ni wọ́n fẹ́ wò.